ÀJÀYÍ CROWTHER, ỌMỌ ILÉ-ÌWÉ TÍTÍ DI ỌJỌ́ OGBÓ

   Àwọn ọmọ wa ti tún wọlé sí ilé-ìwé, ẹjọ́ tí a sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí lẹ́yìn ìsìn Yorùbá kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Òmíràn ní ọmọ òun kò fẹ́ fi ojú kan ìwé. Òmíràn ní ọmọ òun ń ka ìwé ṣùgbọ́n kì í tètè yé e, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń pè é ní olódo. Àwọn kan tilẹ̀ ń rò ó pé kí àwọn mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé kí ó wá jókòó ti ọjà, nítorí pé àwọn tí ó jáde ìwé mẹ́wàá ń bẹ nílé láìníṣẹ́.

A kò fẹ́ fi ìbáwí dáhùn ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn ni a fẹ́ sọ. Ìtàn náà kì í ṣe ti ọ̀nà jíjìn, nítorí pé ọkùnrin tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀ gba ojú omi tí ó wà lẹ́bàá wa yìí kọjá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì fi ìdí ilé-ìwé múlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ tí ń jẹ́ Nàìjíríà. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí bíṣọ́ọ̀bù. Lónìí, a fẹ́ kí a mọ̀ ọ́n sí ọmọ ilé-ìwé.

Ọmọ Òṣogùn

Ní ìlú Òṣogùn, ní apá ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí, ni a bí Àjàyí sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ó dojú bolẹ̀ wáyé ni. Aṣọ híhun ni iṣẹ́ baba rẹ̀. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Kò sí ilé-ìwé ní Òṣogùn nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó tíì kọ èdè wa sílẹ̀ bí a ti ń kọ ọ́ lónìí. Bí ilé ayé bá ti tò bí ó ti yẹ kí ó tò, oko àti òfì ni Àjàyí ì bá bá dàgbà.

Ṣùgbọ́n ogun dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń dàrú, àwọn akónilẹ́rú kọlu Òṣogùn ní òwúrọ̀, wọ́n sì fi iná sí i. Àjàyí tó nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n so okùn mọ́ òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n sì kó wọn lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò wu ẹni tí ó gbà á, wọ́n dá ọmọ padà bí ẹni dá ọjà padà. Láti ọwọ́ olówò kan dé ọwọ́ òmíràn, wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù April ọdún 1822, àwọn ọkọ̀ ojú omi ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé ọkọ̀ ẹrú náà bá lójú òkun, wọ́n sì gba àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù June ọdún náà ni Àjàyí fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní Sierra Leone.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀. Ẹ wo irú ọmọ tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté náà. Kò ní baba níbẹ̀, kò ní ìyá. Kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò mọ ìwé kan. Lára rẹ̀ ni ìpayà ọdún kan ààbọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ kan wà tí ó ní àwíjàre láti sọ pé orí òun kò lè gba ẹ̀kọ́, Àjàyí ni ọmọ náà.

Eépìnnì kan

Ní abúlé Bathurst, lẹ́bàá Freetown, ni wọ́n fi í sí, àwọn míṣọ́nnárì sì ní ilé-ìwé níbẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó lọ sí ilé-ìwé, ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó sì lọ bá ará ilẹ̀ wa kan, ó tọrọ eépìnnì kan lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tíí ṣe ìdajì kọ́bọ̀ ayé àtijọ́. Kì í ṣe àkàrà ni ó fẹ́ fi rà. Ìwé ABD ni ó fẹ́ rà, kí ó lè ní tirẹ̀ tí yóò máa wò nígbà tí ilé-ìwé bá ti parí. Ẹni náà fún un.

Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí ó dé Sierra Leone, Àjàyí ti lè ka Májẹ̀mú Titun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi í ṣe mọ́nítọ̀, ẹni tí ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ yòókù, wọ́n sì ń san kọ́bọ̀ méje àti eépìnnì kan fún un lóṣooṣù. Ẹni tí ó tọrọ eépìnnì kan ti di ẹni tí ń gba eépìnnì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù nítorí ìwé.

Lẹ́bàá ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. A fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ kíyè sí èyí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún Àjàyí pé bí ó bá mú kálámù, kí ó ju ayùn nù. Ó mú méjèèjì.

Ní ọjọ́ 11 oṣù December ọdún 1825 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, míṣọ́nnárì kan mú un lọ sí Ìlú Ọba, ó sì lọ sí ilé-ìwé ní Islington fún oṣù díẹ̀. Ní 1827 ó padà sí Freetown, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó di olùkọ́. Ó fẹ́ Asano, ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀, tí òun náà kàwé, tí ó sì di olùkọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yin Àjàyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé tọkọtaya ni wọ́n fi ìwé ṣe iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọkùnrin lọ sí ilé-ìwé, kí ọmọbìnrin máa kiri ọjà, kò rí ìdajì ìtàn yìí.

Ìrìn-àjò dé ọ̀dọ̀ wa

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gòkè Odò Ọya. Orúkọ wọn ni Albert, Wilberforce àti Soudan. Crowther bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, òun àti míṣọ́nnárì Jámánì kan tí ń jẹ́ Schön. Wọ́n dé ibi tí Ọya àti Benue ti pàdé, ní ìdojúkọ ibi tí a ń gbé yìí, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá ti Igala, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oko kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà jà wọ́n. Nínú àwọn òyìnbó tí kò tó 150 tí ó wà nínú ọkọ̀, nǹkan bí 40 ló kú. Àwọn yòókù yára padà sí etí òkun, wọ́n sì fi oko náà sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìlú Ọba gbà pé òfo ni ìrìn-àjò náà já sí. Crowther rí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀. Ó ti rí i bí ó ti ṣòro tó láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ pàtàkì nípasẹ̀ ògbifọ̀. Òun àti Schön padà dé pẹ̀lú ìpinnu kan náà: pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ náà, kí a sì kọ́ èdè ibi tí a bá ń lọ. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ìlú tí ó dé tí kò di ilé-ìwé fún un.

Ní 1843 wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ sì jáde ní ọdún náà. Ní oṣù January ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, fún àwọn ará wa tí oko ẹrú kó lọ síbẹ̀. Ẹ ò rí i bí? Ìsìn Yorùbá àwa tí kò sí nílé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ àjèjì ni a ti gbọ́ ọ ní ọjọ́ náà, kí ó tó dé ilé.

Bí ó ti kọ́ èdè tí ó ti gbọ́ láti inú oyún

Ní oṣù August ọdún 1846, Crowther dé Abẹ́òkúta. Kò tó oṣù kan tí ó débẹ̀ tí ó fi rí Àfàlà, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti yà wọ́n. Ìyá kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀. Ní 1848, ìyá yìí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè rò pé ọmọ Yorùbá kò nílò láti kọ́ Yorùbá. Crowther kò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un kúrò nílé. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbà kò tíì sí lẹ́nu òun tó. Nítorí náà, ó ń jókòó ti àwọn àgbàlagbà, ó ń fetí sí àwọn babaláwo àti àwọn ará ọjà, ó ń kọ ọ̀rọ̀ wọn àti òwe wọn sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá rú u lójú, yóò tún béèrè. Àlùfáà tí ó ti dé Ìlú Ọba, tí ó ti bá Ọbabìnrin Victoria sọ̀rọ̀ ní 1851, kò ka ìbéèrè sí ìtìjú. Ní 1852, ìwé gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ tí ó kún ju ti àkọ́kọ́ lọ jáde.

Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀. Àwọn ìwé tí ó ti fi ọwọ́ kọ, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti ń kó jọ láti ọdún púpọ̀ wá, jóná. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí inú yín ń bàjẹ́ nítorí ìwé ìdánwò kan tí ẹ kùnà, ẹ ro èyí wò. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ di eérú ní ọjọ́ kan. Crowther tún mú kálámù. Òun àti Thomas King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì lọ ní díẹ̀díẹ̀, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, láti nǹkan bí 1850 títí odindi Bíbélì Yorùbá fi pé ní 1884. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ní 1875, a ṣe ìpàdé kan ní Èkó lórí bí ó ti yẹ kí a máa kọ Yorùbá sílẹ̀, Crowther sì ni alága rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé wa yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ tí ó tọrọ eépìnnì ni ẹ ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yìí.

Lọ́kọ́ja àti ilé-ìwé rẹ̀

Ní 1854 ó tún gòkè odò wá, nínú ọkọ̀ Pleiad, pẹ̀lú Dókítà Baikie. Ní àkókò yìí wọ́n lo oògùn kuiníìnì déédéé, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó kú. Àwọn tí ó kú ní 1841 kò kú lásán, nítorí pé àwọn tí ó kù fi àṣìṣe náà kọ́gbọ́n. Ní 1857 wọ́n tún wá nínú ọkọ̀ Dayspring, wọ́n dá ibùdó iṣẹ́ sílẹ̀ ní Onitsha, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gòkè dé ìtòsí Jẹ́bbà, ọkọ̀ náà fọ́ mọ́ àpáta. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan ní agbègbè náà kí wọ́n tó rí ìrànlọ́wọ́. Kí ni ènìyàn lè fi irú ọdún bẹ́ẹ̀ ṣe? Crowther lò ó láàárín àwọn Nupe, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìwé ABD Nupe rẹ̀ fi jáde, tí ìwé gírámà Nupe sì tẹ̀lé e ní 1864. Ó ti tẹ ìwé ABD Igbo jáde ní 1857 kan náà.

Baikie tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja. Crowther sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gbebe, ní òdìkejì omi, ní 1858, kí ó tó kan Lọ́kọ́ja fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù June ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà, Yunifásítì Oxford sì fi oyè dókítà dá a lọ́lá. Ní ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1865, ni a dá ilé-ìwé Holy Trinity sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní apá Òkè Ọya. Ní ọgbà rẹ̀ ni irin tí wọ́n ń pè ní irin òmìnira wà, tí ó ń rán wa létí àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti yí padà: ọmọ tí wọ́n fi ẹṣin pàrọ̀ ní 1821 ti wá di ẹni tí ń dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní ibi tí a ti ń tú àwọn ẹrú sílẹ̀.

Ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Ní 1867, ìjòyè kan lẹ́bàá Idah dá bíṣọ́ọ̀bù àti ọmọ rẹ̀ Dandeson dúró, ó ń béèrè owó ìràpadà. Nígbà tí wọ́n ń gbà wọ́n sílẹ̀, ọfà olóró pa Ọ̀gbẹ́ni Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti Lọ́kọ́ja wá. Síbẹ̀ iṣẹ́ ojú odò kò dúró.

Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ní ìbànújẹ́. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan tí ọjọ́ orí wọn kò tó ti ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàbùkù iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ní 1890 ó sì fi ìgbìmọ̀ tí ń darí owó iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù December ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. A sọ èyí kí ọmọ wa má baà rò pé gbogbo ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ kára ni ayé yóò pàtẹ́wọ́ fún. Ayé lè gba oyè lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun tí ó wà nínú orí rẹ̀ àti ohun tí ó ti fi kọ́ ẹlòmíràn, ayé kò rí i gbà.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a bá yín sọ òótọ́. Kì í ṣe pé Crowther ní orí tí ẹ̀yin kò ní. Ohun tí a rí nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni pé ó mú ẹ̀kọ́ kúrò ní ilé-ìwé, ó gbé e wálé. Ìwé ABD tí ó rà jẹ́ fún ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé kìkì ìgbà tí tíṣà bá dúró tì í, ọmọ tíṣà ni, kò tíì di ọmọ ìwé. Bí ìṣirò bá rú yín lójú, ẹ béèrè. Bí ẹ bá kùnà, ẹ tún mú kálámù. Bí ọ̀rẹ́ bá pè yín ní olódo, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ lásán ni, kì í ṣe èsì ìdánwò.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ tiyín ló wà nínú eépìnnì. Ìsapá Àjàyí pọ̀, ṣùgbọ́n bí ará ilẹ̀ wa yẹn bá ti lé e kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ta ni ó mọ ibi tí ìtàn ì bá parí sí? Ẹni tí ó fún un kò di bíṣọ́ọ̀bù, kò kọ gírámà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ń ta ọjà pẹ̀lú wa títí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ìgbà wo ni yóò ka ìwé? A kò ní kí ọmọ má ran òbí lọ́wọ́. Àjàyí náà fa ayùn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí wákàtí kan wà lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rán ọmọ níṣẹ́, kí iná wà níbẹ̀, kí ìwé wà níbẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ ti kàwé, ẹ pe ọmọ aládùúgbò mọ́ ọmọ yín ní wákàtí náà. Eépìnnì ti ìgbà wa nìyẹn.

Ní ti àwọn tí ó jáde ìwé tí wọn kò ríṣẹ́, òótọ́ ni, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Àjàyí kò dúró lórí iṣẹ́ kan. Káfíńtà ni, olùkọ́ ni, ògbifọ̀ ni, àlùfáà ni, akọ̀wé ni. Nígbà tí ilẹ̀kùn kan bá tì, ẹni tí ó mọ bí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ fi ilé-ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ bá ara wọn jà nínú ilé wa.

Ibi tí a wà yìí kò jìnnà sí ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti Ìpínlẹ̀ Kogi wà ní Felele wa yìí, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Lọ́kọ́ja, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, náà sì ní ọgbà níbí. Àjàyí gba ojú omi la ikú kọjá kí ó tó rí ilé-ìwé. Ẹsẹ̀ lásán ni ọmọ wa yóò fi rìn dé ibẹ̀. Bí àyè bá gbà yín, ẹ mú àwọn ọmọ lọ wo ọgbà Holy Trinity nínú ìlú, kí wọ́n rí irin náà pẹ̀lú ojú ara wọn, kí ẹ sì sọ ìtàn yìí fún wọn ní èdè Yorùbá.

A kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa kú ìpalẹ̀mọ́ iṣẹ́ ọdún yìí. Kí orí wọn gba ẹ̀kọ́, kí ọwọ́ àwa òbí má ṣe háwọ́ nígbà tí ó bá kan eépìnnì.